Iná Pupa Bátìrì Kì í Tàn Lásán

Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣòwò èlò ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ sọ ní Minna, ní ọjọ́ ìkówójọ fún ríra bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí àwa tí a ń ta èlò ọkọ̀ wá sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ, ẹ̀rù bà wá díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà kí a tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, a sì mọ̀ pé àwọn agbẹjọ́rò, àwọn tíṣà àti àwọn dókítà wà ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, yóò mọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Èyí tí a mọ̀ ni a fẹ́ sọ. Bọ́ọ̀sì ni a kóra jọ láti rà lónìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iná kékeré kan tó wà ní iwájú awakọ̀ ni a mú wá, iná pupa tí wọ́n ya àwòrán bátìrì sí lára. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré. Abẹ́rẹ́ kò ṣeé gbé mì fún adìyẹ.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ìyá ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa kú ní ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mùsùlùmí ni ìyá náà, wọn kò sì ní fi òkú rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n tẹ ọmọ rẹ̀ láago pé nítorí pé òun ni àkọ́bí, àwọn yóò dúró dè é di agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àwa mẹ́rìnlá ni a kó sínú bọ́ọ̀sì kan tí a háyà, kí á lè bá a ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìyá. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a kúrò ní Minna. Ìṣirò wa ni pé a ó gba Bida, Mọ́kwà, Jẹ́bà àti Ìlọrin, bí ó bá sì pẹ́ tán, a ó dé ilé ní òru.

A kò tíì dé Bida tí iná pupa náà fi tàn. Mẹ́ta nínú àwa tí a jókòó níwájú ni a ń ta èlò ọkọ̀. Gbogbo wa ni a rí i. Ọ̀kan nínú wa bi awakọ̀ pé, “Bọ̀ọ̀dá, iná wo nìyẹn?” Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. Bátìrì tuntun ni, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a rà á.” Ọ̀rọ̀ yẹn fi wá lọ́kàn balẹ̀. A dé Bida, níbi tí àwọn rewáyà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn lẹ́bàá ọ̀nà, a sì kọjá lọ. A ní kí á má fi àkókò ṣòfò, òkú ń dúró dè wá.

Ilẹ̀ ṣú, awakọ̀ tan iná iwájú. Nígbà tí a ti rìn fún bí wákàtí kan lẹ́yìn Bida, iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí iná fìtílà elépo. Ẹ rántí pé ìgbà ọyẹ́ ni, eruku bo ojú ọ̀nà. Awakọ̀ kò rí tírélà kan tó bàjẹ́ sójú títì láìtan iná títí ó fi kù díẹ̀ kí á wọ abẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí ó yà. Bọ́ọ̀sì wọ inú koríko, ẹ́ńjìnì kú, kò sì jí mọ́. Nígbà tí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kò dún ju “kẹ́ẹ̀” lọ. Inú òkùnkùn yẹn ni àwa mẹ́rìnlá sùn, àti àwọn ìyá wa mẹ́rin tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó dúró fún wa lóru, kò sì yẹ kí á bínú sí wọn. Ta ni yóò dúró lójú ọ̀nà lóru nílẹ̀ yìí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àkọ́bí olókùú bọ́ sójú títì, ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀. Ó tó agogo mẹ́jọ kí tírélà kan tó gbé e. Nǹkan bí agogo kan ọ̀sán ni ó dé ilé. Àwọn ààfáà ti dúró títí di agogo mẹ́wàá, nígbà tí ooru sì mú, wọ́n sin ìyá. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tútù ni ọmọ bá.

Àwa tí a kù ránṣẹ́ pe rewáyà láti Mọ́kwà. Ó tú ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, ó fi ohun tó bàjẹ́ hàn wá. Kábọ̀nù inú rẹ̀ ni ó ti jẹ tán, ohun kékeré méjì tí kò gùn tó ìka ọwọ́. A ní páálí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó rẹ̀ nígbà yẹn kò tó owó oúnjẹ àárọ̀ àwa mẹ́rìnlá. Nígbà tí a dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, tí a lọ kí olókùú, kò bá wa jà. Ohun kan ṣoṣo ni ó sọ: “Ẹ̀yin tí ẹ ń ta á, ṣé ẹ kò rí iná náà ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà ní etí wa títí di òní. Ẹni tó sọ ọ́ wà ní ìjókòó yìí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi owó sílẹ̀ fún ríra bọ́ọ̀sì. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo yín.

OHUN TÍ INÁ NÁÀ Ń SỌ

Àṣìṣe awakọ̀ ọjọ́ yẹn, tó sì jẹ́ àṣìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni pé ó rò pé bátìrì ni iná náà ń bá wí. Àwòrán bátìrì ni wọ́n yà síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé “bátìrì bàjẹ́” ni ó ń sọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé iná kò wọlé sí bátìrì mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi òwò ṣàlàyé, nítorí pé oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wa. Bátìrì dà bí kóló tí a ń tọ́jú owó sí. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì tí a ń pè ní ọ̀tanétọ̀, tí àwọn àgbà mẹ́káníìkì ṣì ń pè ní dáínámò. Ìyẹn dà bí ọjà tí a ń tà lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá ṣí ìsọ̀ ní àárọ̀, a ó kọ́kọ́ mú owó nínú kóló láti fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ṣe ń fi agbára jí ẹ́ńjìnì. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jí, bẹ́líìtì rọ́bà kan yóò máa yí ọ̀tanétọ̀, òun ni yóò sì máa bọ́ gbogbo ọkọ̀: iná iwájú, fáànù, rédíò, pọ́ǹpù epo. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni yóò dá padà sínú kóló. Bí ọjà bá dúró tí à ń jẹ nínú kóló, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Kóló yóò gbẹ. Bí kóló náà tilẹ̀ jẹ́ tuntun tí ó sì kún, ọjọ́ tí yóò gbẹ kàn jìn díẹ̀ ni. Iná pupa ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wá bá wa lábẹ́lẹ̀, tó ní, “Ọ̀gá, ọjà kò wọlé mọ́ o.” Ẹni tó bá sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kóló kò tíì dá a lóhùn.

Báwo ni iná náà ṣe ń mọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gílóòbù náà wà láàárín bátìrì àti ọ̀tanétọ̀. Ẹ wo ọmọdé méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Bí agbára wọn bá dọ́gba, ilẹ̀kùn kò ní mì. Bí ọ̀tanétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, agbára tirẹ̀ àti ti bátìrì yóò dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gílóòbù, iná kò sì ní tàn. Bí ọ̀tanétọ̀ bá kú, agbára bátìrì nìkan ni yóò máa tì, yóò gba inú gílóòbù kọjá, iná yóò sì pọ́n. Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ tí ó sì ń tan iná náà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ láìtíì jí ẹ́ńjìnì, ó yẹ kí iná pupa náà tàn. Bí ẹ́ńjìnì bá jí, ó yẹ kí ó kú. Ẹ wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń kí ará ilé. Bí kò bá tàn rárá kí ẹ́ńjìnì tó jí, ẹ má ṣe dúpẹ́. Ó lè jẹ́ pé gílóòbù ti jó, tàbí pé ẹni tó ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ fún yín ti yọ ọ́ kí ẹ má bàa rí àìsàn ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, gílóòbù yẹn gan-an ló tún ń fi agbára kékeré ta ọ̀tanétọ̀ jí, tó fi jẹ́ pé bí ó bá jó, ọ̀tanétọ̀ tó dára pàápàá lè má ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ Ó LÈ FÀ Á

Àkọ́kọ́ ni bẹ́líìtì. Ó lè já, ó lè tú, ó sì lè máa yọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọkọ̀ ń han bí ẹyẹ ní òwúrọ̀ tàbí nígbà òjò, bẹ́líìtì ni ẹ kọ́kọ́ wò. Èkejì ni kábọ̀nù inú ọ̀tanétọ̀, irú èyí tó mú wa sùn sójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni àwọn èlò kéékèèké inú ọ̀tanétọ̀ tó ń ṣe àtúnṣe iná àti èyí tó ń díwọ̀n rẹ̀, tí ooru máa ń bàjẹ́. Ẹ̀kẹrin ni wáyà tó tú, fíúsì tó jó, tàbí orí bátìrì tí ìdọ̀tí funfun ti bò. Iná tó ń tàn fírífírí, tó ń lọ tó ń bọ̀, máa ń jẹ́ bẹ́líìtì tó ń yọ̀ tàbí wáyà tí kò dì mú dáadáa. Ẹ má ṣe fi ṣeré nítorí pé kò tíì pọ́n tán.

Ẹ tún gbọ́ òdì kejì rẹ̀. Bátìrì lè gbó kí iná pupa má sì tàn. Bí ọkọ̀ kò bá lè jí ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n tí iná ń kú bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ bá ti í jí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bátìrì tàbí orí bátìrì ni àìsàn wà. Bí iná bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá pa àwọn méjì yìí pọ̀ yóò ra oògùn ibà fún ẹsẹ̀ tó kán.

Mítà kékeré kan wà lọ́jà tí kò wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, tí a sì fi mítà sórí bátìrì, ó yẹ kí ó fi nǹkan bí fóltì 12.6 hàn bí bátìrì bá kún. Bí ó bá jẹ́ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nìyẹn. Bí a bá jí ẹ́ńjìnì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí ó gòkè sí 13.8 sí 14.5. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ tí mítà ṣì wà ní 12 tó ń lọ sílẹ̀, ọjà kò wọlé. Bí ó bá sì kọjá 15, iná tó ń wọlé ti pọ̀ jù, yóò máa se omi inú bátìrì, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìyẹn náà léwu.

BÍ Ó BÁ TÀN LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí iná pupa bá tàn, géèjì ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí ọ̀tanétọ̀ àti pọ́ǹpù omi. Bí ooru bá ń gòkè pẹ̀lú iná pupa, bẹ́líìtì ti já. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnì yóò jóná, owó rẹ̀ yóò sì ju ti bẹ́líìtì lọ́nà tí kò ṣeé kà. Àwọn àgbà tó wa Volkswagen Ìjàpá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjàpá kò lo omi, atẹ́gùn ló ń tù ú, bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò rẹ̀ ló sì ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnì. Nígbà ayé rẹ̀, bí iná pupa bá ti tàn, olówó ọkọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ́líìtì kiri.

Bí ooru kò bá gòkè, tí bẹ́líìtì sì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé inú kóló ni ẹ ti ń jẹ. Ẹ dín ìnáwó kù. Ẹ pa AC, ẹ pa rédíò, ẹ yọ fóònù tó ń gba ṣáàjì. Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnì, nítorí pé láti tún un jí ń gba ju ámpù 100 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kóló lè má ní in mọ́. Kí ẹ sì forí lé ìlú tó súnmọ́ jù tí rewáyà wà. Ìlú tó súnmọ́ jù ni a wí, kì í ṣe ìlú tí ẹ ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bátìrì tí wọ́n kọ 60 sí lára, tó kún, lè gbé ámpù kan fún wákàtí 60, tàbí ámpù 20 fún wákàtí mẹ́ta, bí a bá fi ìwé ṣe é. Gílóòbù iná iwájú méjì tó jẹ́ wáàtì 55 ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ ju ámpù 9 lọ. Pọ́ǹpù epo, kọ̀ǹpútà àti iná tó ń dáná sí epo yóò jẹ tiwọn, fáànù náà yóò jẹ. Ó rọrùn kí ó tó 20. Kí bátìrì sì tó gbẹ tán ni kọ̀ǹpútà yóò ti dákẹ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tó yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé ju wákàtí kan lọ lóru, bátìrì tó ti lò díẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án, ó lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, iná bátìrì náà ló ń ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ láti yí ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé bí iná bá tán, yíyí ọkọ̀ yóò wúwo lójijì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná pupa tàn, ẹ má ṣe bá ọ̀nà jà. Ẹ wá ibi tí ènìyàn wà, kí ẹ sùn síbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, “Bàbá wa wa lọ́rì 911 láti Kánò dé Èkó láìní bátìrì.” Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì dísù àtijọ́ kò nílò iná láti máa ṣiṣẹ́ bí ó bá ti jí, irin ló ń ti epo wọlé. Bọ́ọ̀sì tí a fẹ́ rà lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá tán, pọ́ǹpù epo yóò dúró, ọkọ̀ yóò sì kú. Ọgbọ́n àná kò tó fún ọkọ̀ òní.

Ohun mìíràn tí à ń bẹ̀ yín lé lórí: ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kó ní òun ń dán ọ̀tanétọ̀ wò. Nígbà dáínámò, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, iná yóò fò sókè lójijì, yóò sì lè pa ọ̀tanétọ̀ àti kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ má ṣe mu sìgá tàbí tan iná ìṣáná lẹ́bàá bátìrì tó ń gba ṣáàjì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbiná, bátìrì sì lè bú gbàmù sójú ènìyàn. Omi bátìrì ni kí ẹ bù sí èyí tó ń gba omi, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ásíìdì. Bátìrì tó ti kú, ẹ má ṣe fọ́ ọ nínú àgbàlá. Òjé inú rẹ̀ májèlé ni, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀ṢẸ̀ TIWA

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹni tó bá na ìka sí ẹlòmíràn, ó yẹ kí ó wo ara rẹ̀. Ní ọjà wa, oníbàárà máa ń sáré wọlé pé, “Alájà, iná bátìrì ọkọ̀ mi tàn, ẹ gbé bátìrì tuntun fún mi.” A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí bátìrì rẹ̀ dára. A mọ̀ pé bẹ́líìtì tàbí kábọ̀nù lè jẹ́ àìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè bátìrì pọ̀ ju èrè kábọ̀nù lọ. Àwa kan máa ń dákẹ́, a ó gbé bátìrì fún un, a ó sì tún gba ògbólógbòó tirẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tuntun náà yóò gbẹ, oníbàárà yóò wá pariwo, a ó ní ayédèrú ni ó wà níta báyìí.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ta bátìrì tuntun fún awakọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò yẹn. A kò mọ ẹni tó tà á. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Èyí ló ń dùn wá jù.

Nítorí náà, a ti fohùn ṣọ̀kan kí á tó wá síbí. Láti òní lọ, ọmọ ẹgbẹ́ yòówù tó bá ń ta bátìrì ní Minna, yóò ní mítà lọ́wọ́. Yóò kọ́kọ́ wọn ọkọ̀ oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó gbowó. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ni yóò tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, bí a bá ṣe òdì sí i, ẹ mú wa lọ sọ́dọ̀ Alága.

Ẹ̀BẸ̀ WA LÓRÍ BỌ́Ọ̀SÌ YÌÍ

A bẹ ẹgbẹ́ ní ohun mẹ́rin.

Èkínní, kí á má ṣe ná gbogbo owó tí a bá dá lónìí sórí ríra ọkọ̀. Ẹni tó ra ẹṣin tí kò wá koríko sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò padà fi rìn. Kí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sí àpótí àtúnṣe, kí ẹnikẹ́ni má sì yá a fún ayẹyẹ.

Èkejì, kí bẹ́líìtì kan, kábọ̀nù, fíúsì àti mítà máa wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà gbogbo. Àwa oníṣòwò èlò ọkọ̀ fi àwọn wọ̀nyí ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ lónìí. Wọ́n wà nínú àpótí pupa tó wà níwájú tábìlì yẹn.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé kan wà tí awakọ̀ yóò máa kọ ọ́ sí ní àràárọ̀ pé iná tàn, iná sì kú. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kọ, kí ó fa igi méjì.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Kí ó jẹ́ òfin ẹgbẹ́ pé èrò yòówù, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọmọdé tàbí àgbà, tó bá rí iná pupa, ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, “Awakọ̀, ẹ dúró ní ìlú tó kàn,” kí awakọ̀ sì dúró. Kì í ṣe ìwọ̀sí sí awakọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ní Bida, ojú tì wá láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A ní ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló mọ̀, a kò fẹ́ kí á rí wa bí aláṣejù. Ìtìjú yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ rí ojú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi ṣe ojú àánú fún awakọ̀ kò tó márùn-ún. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, a kò tíì rí i san.

Àwọn bàbá wa fi ọkọ̀ ojú irin wá sí ilẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹrù aṣọ àti obì, wọ́n sì ń padà sílé fún ìnáwó àti fún òkú. Bí a bá ń gbé ibí, tí a ń ṣòwò, tí a ń kọ́lé, ọ̀nà ilé kò gbọdọ̀ dí mọ́ wa. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bọ́ọ̀sì yìí. Ẹ dá owó, ẹ dá a tìfẹ́tìfẹ́. Nígbà tí a bá sì rà á, ẹ jẹ́ kí ojú wa máa wà lára iná kékeré yẹn.

  Bí ọ̀rọ̀ wa bá ṣi ẹnikẹ́ni lára, ẹ foríjì wá. A ò ní pàdé aburú lójú ọ̀nà, a ó máa lọ ire, a ó máa bọ̀ ire, ilé kò sì ní jìnnà sí wa. Àmín.